Mujeebat, Ìyá Rẹ̀, àti Agbára tó ń Padà Wálé Lọ́sàn-án

Òpó irin kan wà lórí òkè olókùúta lẹ́yìn Ṣakí, tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun. Ó ga débi pé àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn máa ń fi mọ̀ pé ilé ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Nísàlẹ̀ òpó náà ni ilé kékeré kan wà, inú ilé náà ni ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán tẹlifíṣàn káàkiri Òkè-Ògùn wà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà sì ni ẹ ó ti bá Mujeebat lọ́pọ̀ ìgbà. Ó máa ń so etí ìbòrí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọrùn kí fáànù má baà fà á wọlé, súkúrúdíráfà kì í sì í kúrò nínú àpò rẹ̀.

Ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí láti ìgbà tí Waheedat, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ṣì ń gbé wàláà lọ ilé kéú. Nísinsìnyí, Waheedat ti wọ yunifásítì ní Ìbàdàn. Àwọn ará àdúgbò ń pe Mujeebat ní Ìyá Waheedat, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é ní Ọ̀gá. Ẹni tó kù tó ṣì ń pè é ní Mujeebat lásán, pẹ̀lú irú ohùn tí wọ́n fi ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́, ni ìyá rẹ̀, Àwáwù, tó ń ta òrí ní Ofiki.

Ìyá Àwáwù fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ràn òrí tó dì dáadáa, ó sì fẹ́ràn eré kan tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣàn lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Àílà. Nínú eré náà, opó kan wà tó ń jẹ́ Àpọ́nlé, tó ń kọ gbogbo ọkùnrin tó bá wá bá a sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Bí eré bá parí báyìí, ìyá á gbé fóònù.

"Mujeebat, ṣé o rí ohun tí Àpọ́nlé ṣe lónìí?"

"Mo wà níbi iṣẹ́, màámi."

"Ó tún lé olùkọ́ yẹn dànù. Ọkùnrin tó ní mọ́tò! Irú obìnrin wo nìyẹn? Mo kàn ní kí n sọ fún ọ ni o. N kò bá ọ wí."

Mujeebat mọ̀ dájú pé òun ló ń bá wí. Á ní "Ó dáa, màámi," á sì tún tẹjú mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ lọ tí ooru dé, tí ewéko gbogbo ilẹ̀ Òkè-Ògùn gbẹ tó ń dún wákawàka lábẹ́ ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ orí fóònù náà yí padà.

"Mujeebat! Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ káàsán, màámi. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ṣé nítorí pé mo ń sọ̀rọ̀ Àpọ́nlé ni o ṣe ń pa tẹlifíṣàn mọ́ mi lójú? Láàárọ̀, àwòrán ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kí eré mi bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó di yanrìn! N kò rí ojú ẹnì kankan mọ́. Ohùn ni mò ń gbọ́, ṣàà-ṣàà-ṣàà, bí ẹni ń din àgbàdo. Tó bá ti di Aláàsárì, tí eré ti parí, ó tún mọ́. Ta ni yóò sọ pé kò ní ọwọ́ ẹnì kan nínú?"

"Màámi, ẹ̀rọ kò mọ̀ yín o."

"Ẹ̀rọ kò mọ̀ mí. Ìwọ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ńkọ́?"

Mujeebat kọ́kọ́ rò pé igi ẹ́ríà orí òrùlé ìyá òun ló ti yí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìwéré-Ilé sọ pé ọ̀dọ̀ tòun náà rí bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, tí oníṣòwò kan sì pe ilé iṣẹ́ láti Ijio pé òun ti fi tẹlifíṣàn tòun ṣe tábìlì, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí òrùlé. Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà lẹ́yìn Àílà, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Àwòrán tó bá dé orí òkè yẹn ti di ìgbì rédíò, ṣùgbọ́n ìgbì náà kò lágbára rárá. Bí wọ́n bá gbé e sórí òpó báyẹn, agbára káká ni yóò fi kọjá gáréèjì Ṣakí. Iṣẹ́ ampilifáyà ni láti fún un lágbára láìyí ìrísí rẹ̀ padà. Mujeebat máa ń fi tránsísítọ̀ tó wà nínú rẹ̀ wé ẹnu ẹ̀rọ omi. Iná tó ń bọ̀ láti jẹnẹrétọ̀ ni omi tó kún inú táńkì. Ìgbì kékeré yẹn ni ọwọ́ tó ń ṣí ẹnu omi, tó tún ń dí i, tó tún ń ṣí i, kíá ju bí ojú ṣe ń ṣẹ́ lọ, àìmọye ìgbà. Ọwọ́ náà kò lágbára, ṣùgbọ́n omi tó ń tú jáde ń tẹ̀ lé e bó ṣe ń yí. Ohun tó bá jáde jọ ohun tó wọlé bí ìbejì, àfi pé ọ̀kan ti sanra ju èkejì lọ.

Tránsísítọ̀ kan kò lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe, yóò jóná. Nítorí náà, wọ́n pín ìgbì náà sínú àwọn dúróà irin tó wà lára ẹ̀rọ, dúróà kọ̀ọ̀kan ní tránsísítọ̀ tirẹ̀ àti fáànù tirẹ̀. Bí oníkálukú bá ti sa ipá tirẹ̀, wọ́n á tún kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú wáyà bàbà kan tó nípọn bí apá àgbàlagbà, wáyà náà á sì gun òpó lọ sókè. Mítà méjì ló ń ṣọ́ wọn lójú ẹ̀rọ: ọ̀kan ń wo agbára tó ń lọ, èkejì ń wo agbára tó bá ṣẹ́rí padà.

Mítà kejì yìí ni Mujeebat rí. Láàárọ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sùn sílẹ̀ fọnfọn. Bí oòrùn ṣe ń mú, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jí, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ òórùn ẹran díndín. Nígbà tó ga dé ibì kan, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ bá dín agbára kù, nítorí pé agbára tó bá ń padà lè pa tránsísítọ̀. Ní Ṣakí tó wà nísàlẹ̀ òkè, ẹnikẹ́ni kò mọ̀, àwòrán wọn ṣì mọ́. Ṣùgbọ́n ní Ofiki, agbára tó kù tó dé ọ̀dọ̀ wọn kò ju èérún lọ, ni yanrìn bá gba ojú tẹlifíṣàn Ìyá Àwáwù.

"Inú ẹ̀rọ ló ti gbóná jù," ni Ayọ̀dàmọ́lá wí. Ayọ̀dàmọ́lá ni òṣìṣẹ́ kejì lórí òkè náà, ọkùnrin tó sanra, tó sì máa ń dá ooru lẹ́bi fún gbogbo nǹkan títí kan oorun tó máa ń gbé òun lọ lórí àga.

Wọ́n tú ohun tó ń sẹ́ eruku lójú fáànù. Eruku pupa tó jáde níbẹ̀ tó o fi mọ ògiri. Wọ́n rí alángbá kan tó ti fi ibẹ̀ ṣe ilé, tó ń wò wọ́n bíi pé àwọn ni àlejò. Wọ́n fọ gbogbo rẹ̀, wọ́n lé alángbá, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í mí dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn Àílà, abẹ́rẹ́ tún gòkè. Mujeebat ṣí àwọn dúróà, ó gbé ti òkè sí ìsàlẹ̀, ó gbé ti ìsàlẹ̀ sókè, bóyá ọ̀kan nínú wọn ló ń dalẹ̀. Abẹ́rẹ́ tún gòkè. Alángbá náà tún padà.

"Mujeebat," ni ìyá wí lórí fóònù, "wọ́n ní Àpọ́nlé ṣubú lulẹ̀ lánàá. N kò mọ̀ bóyá ó kú ni o, tàbí ó kàn fẹsẹ̀ kọ. Ọlọ́run ń wò ọ́."

Ọ̀nà kan ló kù. Nínú ilé ẹ̀rọ yẹn, nítòsí ògiri, àpótí irin kan wà tó ga dé orúnkún, tí orí rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́wẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní dọ́mì. Bí wọ́n bá fẹ́ dán ẹ̀rọ wò láìlo òpó, wọ́n á yọ wáyà kúrò lára òpó, wọ́n á tì í bọ dọ́mì, gbogbo agbára tó yẹ kó lọ sí afẹ́fẹ́ á sì lọ sínú àpótí náà, á di ooru lásán. Dọ́mì kì í dá nǹkan kan padà. Bí abẹ́rẹ́ kò bá gòkè nígbà tí ẹ̀rọ wà lórí dọ́mì, a jẹ́ pé ara ẹ̀rọ dá ṣáká, wáyà tàbí orí òpó ni àìsàn wà.

Àmọ́ ọ̀sán nìkan ni àìsàn náà ń dé. Ọ̀sán gan-an ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ tẹlifíṣàn kúrò lórí afẹ́fẹ́, ní déédéé àkókò eré. Nígbà tí èyí yé Mujeebat, ó jókòó, ó di orí mú.

"Ohun tí màámi ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn mí," ó sọ fún Ayọ̀dàmọ́lá, "ni mo fẹ́ lọ ṣe báyìí."

Ó pe ọ̀gá ilé iṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè, láti tọrọ ààyè.

"Àmọ́ nílé mi níbí, àwòrán mọ́ roro," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlágòkè wí.

"Ìsàlẹ̀ òkè yìí gan-an ni ilé yín wà, sà. Kódà bí a bá fi àtùpà gbé àwòrán, ẹ ó rí i."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kéde rẹ̀ fáwọn èèyàn. Wọ́n kọ ìkéde sí ìsàlẹ̀ àwòrán lọ́jọ́ tó ṣáájú, pé ilé iṣẹ́ yóò sinmi díẹ̀ lọ́sàn-án ọ̀la nítorí àtúnṣe. Ìkéde náà dára, lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ọ̀sán ni wọ́n gbé e jáde, nígbà tí èèyàn pọ̀ nídìí tẹlifíṣàn, kò sì sẹ́ni tó rántí pé ọ̀sán ni gbogbo Ofiki ń wo yanrìn.

Lọ́jọ́ náà, oòrùn mú débi pé àwọn ẹyẹ kò fò. Bí wọ́n ṣe kírun Àílà tán, Mujeebat pa ẹ̀rọ, wọ́n yọ wáyà ńlá náà, wọ́n tì í bọ dọ́mì, wọ́n sì tún tan ẹ̀rọ. Ampilifáyà gba iṣẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ agbára tó ń lọ gòkè dé ibi tó yẹ, abẹ́rẹ́ kejì sùn sílẹ̀. Mujeebat jókòó, ó ń wò ó. Ó pẹ́, abẹ́rẹ́ kò mira. Fáànù dọ́mì ń fẹ́ ooru jáde bí ẹnu ààrò búrẹ́dì.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ ìró mọ́tò tó ń tiraka gun òkè. Ìlẹ̀kùn ṣí. Ìyá Àwáwù wọlé, ìborùn rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, eruku ọ̀nà Ofiki wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Láàárọ̀ ni nọ́ọ̀sì Ìwéré-Ilé yẹn, tí Mujeebat ti sọ fún, jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu òun lọ́jà Ofiki pé wọ́n máa pa tẹlifíṣàn lọ́sàn-án. Kíá ni ìyá ti wá ọkọ̀. Ẹni tó gbé e wá wọlé tẹ̀ lé e, ọkùnrin gíga kan tó wọ gbárìyẹ̀ funfun, Alhájì Kàdírì tó ń ra kaṣú jákèjádò Òkè-Ògùn.

Ojú ti Mujeebat nígbà tó rí ọkùnrin náà. Láti ìgbà ọyẹ́ ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ fún un pé Alhájì Kàdírì kì í sùn mọ́ nítorí rẹ̀, pé bó bá ti wá ra kaṣú, orúkọ Mujeebat ló máa ń kọ́kọ́ dá sílẹ̀ kó tó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀.

"Mo ti ká ọ mọ́ ọn," ni ìyá wí, ó na ìka sí i. "Ọwọ́ rẹ nìyẹn lára ẹ̀rọ! Ṣé o pa á àbí o ò pa á?"

"Mo pa á, màámi."

Ìyá ti múra sílẹ̀ fún irọ́. Òótọ́ kọ́ ló ń retí. Ó yí sí Alhájì. "Ẹ gbọ́? Ó ní òun pa á."

"Mo gbọ́, Ìyá," ni Alhájì Kàdírì wí. Ó ń fi ọwọ́ fẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń wá ibi tí yóò jókòó. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀njinníà. Ẹ má bínú sí wa. Àmọ́ ìbéèrè kan wà lẹ́nu mi. Bí ó bá jẹ́ pé agbára kò dé Ofiki, kí ló dé tí ẹ kò kàn fi kún un? Bí a ṣe ń fi kún ohùn rédíò."

Ìbéèrè náà dára, inú Mujeebat sì máa ń dùn sí ìbéèrè tó bá dára, láìka ẹni tó béèrè sí. "Alhájì, ampilifáyà ní òrùlé tirẹ̀," ó wí. "Bí ìgbì bá ga ju òrùlé náà lọ, orí rẹ̀ á bẹ́ kúrò. Ibi orí yẹn gan-an sì ni àmì tó ń sọ fún tẹlifíṣàn ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ máa ń wà. Bí orí bá bẹ́, àwòrán kò ní mọ ibi tí yóò dúró sí mọ́, á máa yí gbirigbiri. Kì í ṣe..."

Níbi tó sọ̀rọ̀ dé ló rí i pé Alhájì ti rí ibi tó fẹ́ jókòó. Ó ti ká gbárìyẹ̀ rẹ̀ sókè, ó sì ti fi ìdí lé orí dọ́mì.

"Alhájì, ẹ dìde!"

"Rárá, ibí tẹ́ mi lọ́rùn," ni Alhájì wí tìfẹ́tìfẹ́. Ó tún ara jókòó. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, lákọ̀ọ́kọ́ bí ẹni tó rántí nǹkan, lẹ́yìn náà bí ẹni tó gbàgbé gbogbo nǹkan. Ó fò dìde, fìlà lọ sí apá kan, bàtà lọ sí apá kejì, ó sì ń jó kiri inú ilé ẹ̀rọ. "Yéè! Làìlà! Iná wo ló wà nínú àga yín?"

"Gbogbo Òkè-Ògùn ló wà nínú rẹ̀, sà," ni Ayọ̀dàmọ́lá wí. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ló já a gbà.

Mujeebat ti sáré bu omi wá. Ọ̀kan lára ohun tó nira láyé ni kí obìnrin bu omi fún ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ láti fi tu irú ibẹ̀ lára. Ó gbé korobá fún Ayọ̀dàmọ́lá, Ayọ̀dàmọ́lá sì mú Alhájì lọ sí ìta. Wọ́n gbọ́ omi tó dà yàà, wọ́n sì gbọ́ Alhájì tó ní "Alihamudulilai" láti inú ọkàn wá. Nígbà tó padà wọlé, kò sí ohun tó ṣe é ju pé ẹ̀yìn gbárìyẹ̀ rẹ̀ tutù rìnrìn, ihò wẹ́wẹ́wẹ́ dọ́mì sì ti tẹ ara rẹ̀ sí i lára bí oǹtẹ̀. Ó kọ̀ láti jókòó mọ́ níbikíbi.

Ìyá Àwáwù ń wo àpótí náà. "Ìyẹn ni pé," ó rọra béèrè, "eré mi ló jó o nídìí?"

"Òun ni, màámi. Ẹ súnmọ́ ìhín." Mujeebat fà á lọ́wọ́ síwájú ẹ̀rọ, ó fi àwọn dúróà hàn án. "Ṣé ẹ rántí bí ẹ̀yin àti àwọn ìyàwó ilé ṣe máa ń gún ẹ̀mí, èso tí ẹ fi ń ṣe òrí, lójú odó kan?"

"A máa ń jẹ́ mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá ti gbé ọmọ odó sókè, òmíràn ti ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀."

"Ohun tí àwọn yìí ń ṣe nìyẹn. Oníkálukú ń gún tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìlù kan ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé. Bí ọ̀kan bá ṣi ìlù, ọmọ odó á kọlu ọmọ odó, agbára á ṣòfò. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀kan nínú wọn ló ṣi ìlù. Ẹ wá wo abẹ́rẹ́ yìí. Ó sùn. Oòrùn ń mú, ọ̀sán ti pọ́n, síbẹ̀ ó sùn."

"Kí ni abẹ́rẹ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Màámi, bí ẹ bá dúró níwájú àpáta tí ẹ kígbe, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?"

"Á dá ohùn mi padà."

"Ohun kan wà lójú ọ̀nà tó ń dá ohùn ẹ̀rọ yìí padà lọ́sàn-án. Agbára á jáde, á kan nǹkan, á padà wálé bá ẹni tó rán an. Bí ẹ̀rọ bá rí i báyẹn, á rẹ ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà pa ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ ń rí yanrìn. Lónìí tí mo ti ọ̀nà yẹn pa, kò sí ohun tó padà. Kì í ṣe ẹ̀rọ, màámi. Kì í sì í ṣe èmi. Òkè òpó ni."

Ìyá wo abẹ́rẹ́, ó wo ọmọ rẹ̀. Òógùn ojú Mujeebat ti ya ọ̀nà sínú eruku. Ìyá fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún, pẹ̀lú agbára díẹ̀, bó ṣe máa ń nù ún nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Tó bá jẹ́ òkè ni," ó wí, "kí ló dé tí ẹnì kankan kò tíì gùn ún?"

Samsudeen ló máa ń gùn ún. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí wọ́n pè wá láti Ṣakí ni, tó jẹ́ pé ẹ̀rù ajá ń bà á ṣùgbọ́n ẹ̀rù òkè kì í bà á. Mujeebat pa ẹ̀rọ pátápátá, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú àpò ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tàn án nígbà tí èèyàn wà lókè. Samsudeen so okùn mọ́ ara, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Gbogbo wọn dúró nísàlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, títí tó fi kéré bí èèrà.

Ibẹ̀ ni Mujeebat ti rò pé ó yẹ kí òun yanjú ọ̀rọ̀ kan, níwọ̀n bí gbogbo èèyàn ti ń wòkè. Ó súnmọ́ Alhájì Kàdírì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo dúpẹ́ fún ìfẹ́ yín. Èèyàn gidi ni yín. Ṣùgbọ́n n kò tíì ṣetán láti tún lọ́kọ ní tèmi."

Alhájì Kàdírì yí ojú sí i. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. "Ọkọ kẹ̀? Èmi?" Ó wo ẹ̀yìn, bóyá Alhájì mìíràn wà níbẹ̀. "Ẹ̀njinníà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń sunkún nítorí mi. Ìyá ní ẹ kì í jẹun mọ́. Mo ti ní ìyàwó àfẹ́sọ́nà ní Ìgbòho, ìdí tí mo fi gbé Ìyá wá lónìí gan-an ni kí n lè wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún yín!"

Àwọn méjèèjì jọ yí ojú sí Ìyá Àwáwù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá Àwáwù ti tẹjú mọ́ òkè òpó bí ẹni tí ìyà tó ń jẹ Samsudeen ń jẹ. "Ọmọ yìí rọra o," ó ń sọ, "rọra, ó ga púpọ̀..."

"Màámi."

"Ẹ má yọ mí lẹ́nu, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wà lókè."

Alhájì Kàdírì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rín, ó di ẹ̀yìn gbárìyẹ̀ rẹ̀ tó tutù mú, nítorí ẹ̀rín náà ń dùn ún níbi tó jóná. Mujeebat bá a rín, irú ẹ̀rín tí Ayọ̀dàmọ́lá kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ó rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Àwáwù kò wò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Fóònù Mujeebat dún. Samsudeen ni, láti òkè.

"Ọ̀gá, mo ti rí i. Ibi tí wáyà ti so pọ̀ mọ́ ẹ́ríà. Rọ́bà tó bò ó ti sán, inú rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Irin àárín rẹ̀ ti jó, kò dúró dáadáa mọ́. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, ó ń mì."

"Ó gbóná?"

"Oòrùn ti sè é. Mo fi ìbọ̀wọ́ mú un."

Gbogbo rẹ̀ bá yé Mujeebat. Láàárọ̀ tí irin tutù, ẹnu méjèèjì ń kan ara wọn. Bí oòrùn bá sè é, irin á fẹ̀ sí i, ẹnu á yẹ̀ díẹ̀ sí ara wọn, kò ní ju ìbú èékánná lọ, agbára tó bá dé ibẹ̀ á sì ṣẹ́rí padà. Tí oòrùn bá rọlẹ̀, wọ́n á tún pàdé. Abájọ tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, ara dá.

Wọ́n fi okùn fa irin ìsopọ̀ tuntun gòkè fún Samsudeen. Ó pẹ́ díẹ̀ lókè, ó gé ibi tó ti jó, ó so tuntun mọ́ ọn, ó fi rọ́bà dì í. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, Ìyá Àwáwù gbé omi tútù fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń kí ọba. Mujeebat dá wáyà padà sí ọ̀nà òpó, ó tan ẹ̀rọ. Àwọn fáànù kígbe. Abẹ́rẹ́ agbára tó ń lọ gòkè. Èkejì sùn, nínú oòrùn náà.

"Ẹ pe ẹnì kan ní Ofiki," ni Mujeebat wí.

Ìyá pe aládùúgbò rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí onítọ̀hún sọ, ó sì pariwo mọ́ fóònù: "Ó mọ́? Ó mọ́ báwo? O rí irun imú olórin? Ó dáa, má fọwọ́ kan nǹkan kan!" Lẹ́yìn náà ló rántí. "Eré ńkọ́? Wọ́n ti ṣe é tán? Wọ́n ò ṣe é? Wọ́n ní ọ̀la ni wọn yóò ṣe tòní?" Ó pa fóònù, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ dé láti Mẹ́kà.

Alhájì Kàdírì gbé e padà sí Ofiki. Ó fi ìrọ̀rí méjì sábẹ́ ara rẹ̀ kó tó wa ọkọ̀. Kí wọ́n tó lọ, ó ní ọjọ́ ìgbéyàwó òun ní Ìgbòho, Mujeebat gbọ́dọ̀ wá, kí ó má sì gbé àga kankan dání.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, Mujeebat wọ ọkọ̀ lọ sí Ofiki. Ó pẹ́ gan-an tó ti ń rán àwòrán lọ sí ìlú yẹn, kò jókòó rí láti wo bó ṣe ń dé. Yàrá ìyá rẹ̀ kún fún àwọn obìnrin àdúgbò, àwọn kan jókòó sórí ẹní, ọ̀kan ń ṣa ẹ̀wà sínú ọpọ́n láìwo ọwọ́ ara rẹ̀. Òórùn òrí gba gbogbo ilé. Tẹlifíṣàn wà lórí àpótí, àwòrán rẹ̀ sì mọ́. Mujeebat rọra tẹjú mọ́ igun ìsàlẹ̀, ibi tí yanrìn tó kéré bí iyọ̀ ṣì ń jó díẹ̀.

"Bí mo bá yí ẹ́ríà yín sọ́tùn-ún díẹ̀..." ó bẹ̀rẹ̀.

"Jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí. "Má tún nǹkan kan ṣe."

Ó jókòó. Lójú tẹlifíṣàn, Àpọ́nlé, tí kò kú, tó kàn fẹsẹ̀ kọ, ń bá ọkùnrin mìíràn sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin inú yàrá ń gbà á nímọ̀ràn lóríṣiríṣi. Ìyá Àwáwù kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò ó, nígbà tí ọkùnrin náà sì yí ẹ̀yìn padà lọ pẹ̀lú òdòdó rẹ̀, ó ní, "Ó ṣe tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù."

Ó yíjú láti mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ rò sí i. Mujeebat ti gbé orí lé ògiri, ìbòrí rẹ̀ ti yọ̀ sí èjìká, ó sì ń sùn. Ìyá na ọwọ́, ó rẹ ohùn tẹlifíṣàn sílẹ̀, ó sì fi ojú bá gbogbo àwọn tó kù wí kí wọ́n dákẹ́.